Òòfà Oòrùn àti Òkúta Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà. Iná tí omi Kainji, Jebba àti Shiroro ń pèsè, àti èyí tó ń ti Ẹ̀gbin àti àwọn ilé iṣẹ́ gáàsì yòókù jáde, ojú àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ibùdó ìdarí ní Òṣogbo wà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí iná bá kú káàkiri orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó padà díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń pa iná lọ́dọ̀ tiwa pọ̀: gáàsì tó wọ́n, wáyà tó já, ẹ̀rọ tó ti gbó. N kò ní ka oòrùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n oòrùn ti pa iná rí níbòmíràn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1989, ìjì òòfà tó ti ara oòrùn wá pa iná Quebec ní Kánádà, nǹkan bí mílíọ̀nù 6 èèyàn sì wà láìní iná fún bíi wákàtí 9. Lẹ́yìn ìjì tó jà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, wọ́n rí tiransífọ́mà tó bàjẹ́ ní South Africa, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti rò tẹ́lẹ̀ pé ó jìnnà sí irú ewu bẹ́ẹ̀.

Ara oòrùn kún fún òòfà. Ojú dúdú a máa yọ lára rẹ̀, òmíràn nínú wọn tóbi ju ayé wa yìí lọ, inú àwọn ojú dúdú wọ̀nyí sì ni òòfà náà ti le jù. Ó lè tó 3,000 gáùsì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí òòfà ti le tó. Òòfà ilẹ̀ tó ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ní Òṣogbo tàbí Iléṣà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gáùsì kan ṣoṣo lọ. Ẹ wo bí àlàfo náà ti pọ̀ tó: ìlọ́po 9,000. Nígbà tí òòfà tó ti lọ́ mọ́ra lára oòrùn bá já tú, ó lè ju bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù gáàsì gbígbóná sí òfuurufú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gáàsì yẹn bá dojú kọ ayé, á mi òòfà ayé jìgìjìgì, ìmìjìgìjìgì náà á sì ti iná tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ inú wáyà gígùn. Òun ni wọ́n ń pè ní ìjì òòfà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye òòfà tó wà lára oòrùn? Kò sẹ́ni tó gbé kọ́ńpáàsì lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú Parker Solar Probe, tí Amẹ́ríkà rán lọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ló tíì sún mọ́ oòrùn jù, síbẹ̀ mílíọ̀nù 6 kìlómítà ló ṣì wà láàárín wọn nígbà tó sún mọ́ ọn jù lọ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ìmọ́lẹ̀ ló ń bá wa mú ìròyìn náà wá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú ibi tí òòfà wà jáde gba àmì òòfà náà sára, ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tó yẹ sì lè kà á láti ibi tó jókòó sí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á. Mo sì fẹ́ fi hàn pé irinṣẹ́ tó jẹ́ ọkàn iṣẹ́ náà kì í ṣe àlejò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ti pẹ́ tó ti wà lórí tábìlì àwọn tó ń yẹ òkúta Iléṣà wò.

Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, ó sì ń gbọ̀n bó ti ń rìn. Ẹ so okùn mọ́ igi lóde, ẹ fa orí rẹ̀ kejì gba àárín irin ojú fèrèsé wọlé, kí ẹ wá máa mì ín. Bí irin fèrèsé náà bá dúró lóòró, ìmì tó ń lọ sókè-sódò á kọjá láàárín wọn wọ̀ọ̀. Èyí tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì á kọlu irin, á sì kú síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wá tààrà láti ojú oòrùn ń gbọ̀n sí gbogbo apá pa pọ̀. Bí ohun kan bá ti sẹ́ àwọn apá yòókù kúrò, tó ku ẹyọ kan, ìmọ́lẹ̀ alápá-kan nìyẹn. Irú kẹta tún wà, èyí tí ìgbọ̀n rẹ̀ ń yí bírí bó ti ń bọ̀, òmíràn ń yí sọ́tùn-ún, òmíràn ń yí sósì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìmọ́lẹ̀ ayíbírí. Ojú èèyàn kò dá èyíkéyìí mọ̀ yàtọ̀ sí ìkejì, ìdí nìyẹn tí a fi ń wò ó lójoojúmọ́ tí a kò mọ̀.

Odò Ọ̀ṣun ń ṣe ìmọ́lẹ̀ alápá-kan láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá kọ mànà lórí omi, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kọlu omi náà ní igun bíi dígírì 53 sí ìlà tó dúró gbọọrọ lórí omi, èyí tó ta padà sójú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ alápá-kan pátápátá. Bí apẹja bá wọ irú dígí ojú kan tí wọ́n ṣe láti dènà apá yẹn, ìtànṣán tó ń bo omi á kúrò, yóò sì rí ẹja nísàlẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Étienne-Louis Malus, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú nǹkan yìí ní Paris ní ọdún 1808. Ó mú òkúta kan tó mọ́ bíi dígí dání, irú èyí tó máa ń sọ nǹkan kan di méjì lójú ẹni tó bá fi wò ó, ó sì fi wo oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń kọ lára fèrèsé ààfin Luxembourg. Ó rí àwòrán méjì bó ti retí. Ṣùgbọ́n bó ti ń yí òkúta náà lọ́wọ́, àwòrán kan ń ṣá, èkejì ń tàn sí i.

Ara òkúta yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ilẹ̀ Iceland ni wọ́n ti máa ń wà á nígbà náà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ máa ń pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ alápá-kan, tí apá wọn dábùú ara wọn. Ní ọdún 1828, William Nicol, olùkọ́ kan ní Edinburgh, gé irú òkúta bẹ́ẹ̀ sí méjì, ó sì fi oje igi lẹ̀ wọ́n padà lọ́nà tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ méjèèjì á yà bàrá, èkejì nìkan á sì jáde níwájú. Bí ayé ṣe ní asẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ṣeé gbára lé nìyẹn. Àwọn onímọ̀ òkúta ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ jù.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jókòó sórí ìgbànú òkúta àtijọ́ kan tí wọ́n ń fi orúkọ Iléṣà pè nínú ìwé ìmọ̀ ilẹ̀. Òkúta onípele tó kún fún máíkà wà níbẹ̀, àti òkúta dúdú tó le gan-an tí wọ́n ń pè ní amphibolite, àti òkúta funfun tó di òkè ní apá Ẹ̀fọ̀n. Ìlà ńlá kan tí ilẹ̀ ti là rí gba ẹ̀gbẹ́ Ifẹ̀wàrà kọjá. Inú ìgbànú yìí ni wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà, ní Ìpẹ́rindó, ní Ìtagunmọdi, ní Ìgún, títí dé ibi ìwakùsà Ṣẹ́gilọlá, tí wọ́n ti da wúrà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2021. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú òkúta tó gbé láti Iléṣà lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ á gé e, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, á sì máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi fẹ́lẹ́ dé 0.03 mìlímítà. Òkúta tó dúdú bí èédú á di ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Lẹ́yìn náà, á fi sábẹ́ máíkírósíkópù tó ní asẹ́ ìmọ́lẹ̀ méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bí asẹ́ méjèèjì bá dábùú ara wọn láìsí òkúta láàárín, òkùnkùn ni. Bí òkúta bá wọ àárín, àwọ̀ á bú jáde. Máíkà á máa dán yanran ní pupa, ní àwọ̀ ewé àti ní àwọ̀ ojú ọ̀run; òkúta kuọ́tísì á jẹ́ funfun sí eérú; gánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ á dúdú síbẹ̀ bó ti wù kí wọ́n yí i tó. Nínú òkúta dúdú Ìtagunmọdi, bí ó bá yọ asẹ́ òkè kúrò, tó ń yí àwo tó gbé òkúta náà, hóró hornblende á máa pàwọ̀ dà láti àwọ̀ ewé tó ṣá dé èyí tó jinlẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó yára gbójú kúrò.

Iṣẹ́ tí asẹ́ ìmọ́lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ rọrùn láti sọ: ó ń bi ìmọ́lẹ̀ léèrè apá tó ń gbọ̀n sí, ìdáhùn rẹ̀ sì ń sọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ti bá pàdé lójú ọ̀nà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n gbé lọ bá oòrùn.

Kí a tó débẹ̀, nǹkan kan kù. Bí a bá tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, tí a tú u gan-an débi pé ó gùn, a óò rí ìlà dúdú tín-ín-rín tó dábùú rẹ̀ níbi púpọ̀. Joseph Fraunhofer ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1814. Àwọn átọ́ọ̀mù tó wà lójú oòrùn ló ń gbé àwọ̀ wọ̀nyẹn mì, oríṣi kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀ tó ń gbé mì: irin ní tirẹ̀, sódíọ̀mù ní tirẹ̀. Ní ọdún 1896, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan ní ìlú Leiden ní Netherlands, Pieter Zeeman, fi iná tó ní iyọ̀ sódíọ̀mù nínú sáàárín òòfà ńlá kan. Ìlà sódíọ̀mù fẹ̀ sí i. Nígbà tó pa òòfà, ìlà náà padà sí bó ti wà. Olùkọ́ rẹ̀, Hendrik Lorentz, ti ṣírò pé bí òòfà bá dojú kọ ẹni tó ń wò, ìlà náà á pín sí méjì, èyí ọ̀tún á jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ayíbírí tó ń yí sí apá kan, èyí òsì á yí sí apá kejì. Bí òòfà bá sì dábùú ojú ẹni, mẹ́ta ni ìlà náà á pín sí, gbogbo wọn á sì jẹ́ alápá-kan. Zeeman fi asẹ́ Nicol yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1902.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣeé ṣe. Jíjìn ìlà sí ìlà ń sọ bí òòfà ti le tó. Irú ìgbọ̀n tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tí òòfà dojú kọ.

George Ellery Hale ló mú un dé ojú oòrùn. Ó ti kọ́ ilé ìwòràwọ̀ sórí òkè Wilson ní California ní ọdún 1904, ó sì ti ya àwòrán ojú dúdú oòrùn tí gáàsì ń yí po bí ìjì líle. Èrò rẹ̀ ni pé bí gáàsì oníná bá ń yí báyẹn, òòfà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé gogoro kan tó ga tó 18 mítà, awò sì wà lókè rẹ̀ tó ń rán ìmọ́lẹ̀ oòrùn wá sísàlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń tú àwọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1908, Hale fi nǹkan méjì sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni dígí onígun kan tí Augustin Fresnel ti ronú rẹ̀ láyé àtijọ́, tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ ayíbírí di alápá-kan. Èkejì ni Nicol, irú èyí tó wà lábẹ́ máíkírósíkópù àwọn onímọ̀ òkúta ayé ìgbà náà. Ó ya àwòrán ìlà láti inú ojú dúdú, ó yí Nicol, ó tún yà á. Ìlà tó wà lápá ọ̀tún nínú àwòrán àkọ́kọ́ ti lọ nínú èkejì, ti apá òsì sì ti yọ dípò rẹ̀. Òòfà ni. Ó fi wé ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí láàárín òòfà inú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣírò pé ó tó 2,900 gáùsì. Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, kò sí ibì kankan lẹ́yìn ayé wa tí ẹ̀dá èèyàn ti mọ̀ dájú pé òòfà wà.

Hale ní àǹfààní pé inú ojú dúdú ló ti wò ó, níbi tí òòfà ti le. Níbòmíràn lójú oòrùn, iṣẹ́ náà ṣòro ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ìlà irin kan tí àwọn onímọ̀ fẹ́ràn, tí ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 630.25 nanomítà, nínú àwọ̀ pupa. Bí òòfà bá tó 3,000 gáùsì, ìlà yìí á yẹ̀ kúrò níbùjókòó rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú 45,000 ìgùn rẹ̀. Èyí ṣeé rí. Bí òòfà bá jẹ́ gáùsì kan ṣoṣo, ìyẹ̀ náà á di ìdá kan nínú ohun tó ju mílíọ̀nù 130 lọ. Ìlà kì í pín sí méjì mọ́ nígbà náà. Ńṣe ló kàn dà bíi pé kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ọ̀tún ṣì ní ìyíbírí díẹ̀ sí apá kan, etí òsì ní díẹ̀ sí apá kejì. Ohun tí ojú kò lè rí gẹ́gẹ́ bí ìyẹ̀, asẹ́ lè rí i gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ ìgbọ̀n.

Horace Babcock ló fi ọgbọ́n yìí ṣe ẹ̀rọ tuntun ní Pasadena ní ọdún 1952. Kò lo fíìmù mọ́. Ó fi òkúta kírísítà kan tí iná mànàmáná lè pa ìwà rẹ̀ dà sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, ó sì ń fi iná yí i sọ́tùn-ún sósì ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, débi pé ẹ̀rọ ń rí ayíbírí ọ̀tún, ó ń rí ayíbírí òsì, ó ń yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ rẹ̀ lè rí òòfà tí kò ju gáùsì kan lọ. Òun àti bàbá rẹ̀, Harold, fi ya àwòrán òòfà gbogbo ojú oòrùn, nípa rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe rí i láàárín ọdún 1957 sí 1958 pé òòfà tó wà ní orí àti ìdí oòrùn ń pààrọ̀ ara wọn. Ní nǹkan bí ọdún 11 sí ọdún 11 ni ìpààrọ̀ yìí máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan ti wáyé ní àkókò wa yìí, nígbà tí ojú dúdú pọ̀ jù lójú oòrùn ní ọdún 2024.

Títí dòní, ìlànà kò tíì yí padà, àmọ́ irinṣẹ́ ti dára sí i. George Gabriel Stokes ti fi hàn láti ọdún 1852 pé nọ́ńbà mẹ́rin péré ló tó láti sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìgbọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan: èkíní fún gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà lápapọ̀, méjì fún ìgbọ̀n alápá-kan, ọ̀kan fún ìyíbírí. Kámẹ́rà kò lè rí mẹ́ta ìkẹyìn fúnra rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ lásán ló mọ̀. Nítorí náà, wọ́n á fi àwo kan tó ń yí, tàbí kírísítà olómi irú èyí tó wà lójú fóònù wa, síwájú asẹ́, kí ó máa sọ irú ìgbọ̀n kọ̀ọ̀kan di ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tàbí tó kéré lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra. Kámẹ́rà á ya gbogbo wọn, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ibi tí ọ̀tá pọ̀ sí nìyí. Ọ̀tá kìíní ni afẹ́fẹ́. Gbogbo wa ti rí bí ọ̀nà ọ̀dà ṣe máa ń mì lójú ẹni lọ́sàn-án gangan. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ń mi àwòrán oòrùn. Bí àwòrán bá sún díẹ̀ láàárín yíyà kìíní àti ìkejì, tí a sì yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ohun tó ṣẹ́ kù á jọ òòfà, kò sì ní jẹ́ òòfà. Oògùn rẹ̀ wà nínú òkúta Iceland àtijọ́ yẹn: dípò kí wọ́n da ìdajì ìmọ́lẹ̀ nù bíi ti Nicol, wọ́n á jẹ́ kó pín sí méjì, wọ́n á sì ya méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí afẹ́fẹ́ bá ṣe sí ọ̀kan ló ṣe sí èkejì, àṣìṣe náà á sì pa ara rẹ̀.

Ọ̀tá kejì le jù, nítorí inú ilé ló ń gbé. Dígí tó bá gba ìmọ́lẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀ máa ń fún un ní apá, gẹ́gẹ́ bí omi Ọ̀ṣun ti ń ṣe. Awò awọ̀nàjíjìn tó ní dígí mẹ́fà tàbí méje lè ṣẹ̀dá ìmọ́lẹ̀ alápá-kan tó pọ̀ ju èyí tí oòrùn rán wá lọ, kò sì ní dúró sójú kan, torí pé igun àwọn dígí náà ń yí padà bí oòrùn ti ń rìn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kọ́ awò THEMIS ní erékùṣù Tenerife, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1996, lọ́nà tí ìmọ́lẹ̀ fi ń dé ibi àyẹ̀wò kí dígí kankan tó fún un ní apá. Níbi tí wọn kò bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi asẹ́ tí wọ́n mọ ìwà rẹ̀ dunjú sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yí i sí igun kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n á kọ ohun tí kámẹ́rà rí, títí wọ́n á fi mọ irọ́ tí ẹ̀rọ wọn ń pa àti bó ti pọ̀ tó. Iṣẹ́ sùúrù ni. Lójú tèmi, apá yìí ló yẹ kí a máa yìn jù nínú ìmọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dé inú ìwé ìròyìn.

Ọ̀tá kẹta yóò ya èèyàn lẹ́nu: ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ tó jẹ́ ìdá kan nínú 10,000 gbọ́dọ̀ kó hóró ìmọ́lẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 100 jọ fún ibi kékeré kọ̀ọ̀kan, fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí oòrùn tó yí padà lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Amẹ́ríkà fi kọ́ awò Daniel K. Inouye sórí òkè Haleakalā ní Hawaii, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 4, tó jẹ́ èyí tó tóbi jù fún oòrùn ní gbogbo ayé. Àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Ooru tí dígí náà ń kó jọ ju kílówáàtì 10 lọ, wọ́n sì ní láti máa fi omi tútù àti afẹ́fẹ́ tù ú láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Ní òfuurufú, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, sátẹ́láìtì SDO, tí wọ́n rán lọ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2010, ń wo oòrùn. Ẹ̀rọ kan nínú rẹ̀ tí Yunifásítì Stanford ń bójú tó, HMI, ń wo ìlà irin kan ní 617.3 nanomítà, ní ibi mẹ́fà lórí ìlà náà, ó sì ń ya àwòrán òòfà gbogbo ojú oòrùn ní ìṣẹ́jú-àáyá 45 sí 45. Ibi funfun nínú àwòrán náà ni òòfà ti kọjú sí wa, ibi dúdú ni ó ti kẹ̀yìn sí wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù àti dátà ní Òṣogbo lè ṣí àwòrán tòní wò lọ́fẹ̀ẹ́. Sátẹ́láìtì Yúróòpù, Solar Orbiter, tó gbéra ní oṣù Kejì ọdún 2020, ní irú ẹ̀rọ kan náà, òun ló sì kọ́kọ́ yọjú wo ìdí oòrùn láti ẹ̀gbẹ́ ní ọdún 2025.

Ní òde ojú oòrùn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Adé funfun tó yí oòrùn ká kì í hàn àfi nígbà tí òṣùpá bá bò ó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òjìji òṣùpá gba Ghana, Togo, Benin àti àríwá ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà kọjá. Àwọn tó wà ní Accra àti Lomé rí adé náà kedere. Ní Òṣogbo àti Iléṣà, òṣùpá bo èyí tó pọ̀ jù lára oòrùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó kù ti tó láti fi adé náà pamọ́. (Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán wo oòrùn, kí ó má sì wò ó nínú abọ́ omi, nítorí omi kò pa agbára rẹ̀.) Ìmọ́lẹ̀ adé náà jẹ́ alápá-kan gan-an. Ìmọ́lẹ̀ ojú oòrùn ló kọlu àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lókè, tó sì ta padà sọ́dọ̀ wa. Bí apá rẹ̀ ti pọ̀ tó ń sọ iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀, ó sì ń sọ bóyá gáàsì tí oòrùn jù síta ń bọ̀ wá bá wa tàbí ó ń lọ síbòmíràn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Amẹ́ríkà rán sátẹ́láìtì kékeré mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní PUNCH lọ láti máa wo apá ìmọ́lẹ̀ yìí lójoojúmọ́. Wíwọn òòfà inú adé náà gan-an ṣì ṣòro. Ìgbà tó di ọdún 2024 ni awò Inouye tó lè tẹ àwòrán òòfà adé náà jáde pẹ̀lú àlàyé tó kún.

Ohun tó ń wá sílé lára gbogbo èyí, òòfà ilẹ̀ wa ló ń gbà á. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, agbo ojú dúdú kan tí HMI ti ń wò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po 15 ti ayé, rán ìjì òòfà tó le jù lọ láti ọdún 2003 wá. Àwòrán òòfà agbo náà ti fi hàn ṣáájú pé funfun àti dúdú ti wọnú ara wọn, ó sì ń bọ̀ wá bẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gba ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀ láti dé ayé, gáàsì náà gba bí ọjọ́ méjì. Àlàfo ọjọ́ méjì yẹn ni àǹfààní tí àwọn tó ń ṣọ́ wáyà gíga ní.

Níhìn-ín, kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wọn òòfà ilẹ̀. Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ ìyípadà òòfà sílẹ̀ nígbà ọdún ìmọ̀ ayé àgbáyé, 1957 sí 1958. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Agodi Onwumechili, tó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀, ṣe iṣẹ́ ńlá lórí odò iná tó ń ṣàn lókè ọ̀run wa lọ́sàn-án, tí oòrùn ń dá sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì òòfà ayé. Lónìí, àwọn ẹ̀rọ tí Yunifásítì Kyushu ti Japan gbé kalẹ̀ ní Ìlọrin, Èkó àti Abuja ń bá iṣẹ́ náà lọ, ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfuurufú ti Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 1998 sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ púpọ̀ ní irú ìmọ̀ yìí.

Àwọn tó mọ odò iná yẹn jù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọn tó ń fi òòfà wá wúrà. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tó ń wọn òòfà rìn gba igbó Ìpẹ́rindó kọjá, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ bàálù kó máa fò kọjá lórí ìlú, nítorí pé òkúta abẹ́ ilẹ̀ ń fi díẹ̀ kún òòfà ayé tàbí ó ń yọ díẹ̀ kúrò. Ohun tí òkúta fi kún un lè jẹ́ nanotẹ́sílà (ìwọ̀n òòfà tó kéré gan-an sí gáùsì) mélòó kan péré. Oòrùn ọ̀sán nìkan lè yí ohun tí ẹ̀rọ ń kà padà ní 50 nanotẹ́sílà láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, ní ọjọ́ tí kò sí ìjì kankan. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ kejì sílẹ̀ síbì kan, tí kò ní kúrò níbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ohun tó bá yí padà lára ẹ̀rọ àdúró-sójú-kan yìí, kì í ṣe ti òkúta, ti oòrùn ni, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò lára ti ẹ̀rọ tó ń rìn. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ máa ń wo ìròyìn ojú oòrùn kó tó kó ọmọ iṣẹ́ wọ igbó. Bí ìlà tí ẹ̀rọ àdúró-sójú-kan ń fà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè-sódò kọjá ààlà tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, wọ́n á palẹ̀ mọ́, wọn kò sì ní lo nọ́ńbà tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á padà wá tún ojú ọ̀nà kan náà rìn lẹ́yìn tí ìjì bá ti kọjá.